Albert Cassell: Olùkọ́ Tó Fi Bíríkì Kọ́ Ìtàn

  Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, a tún gbé ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan tó ti lọ wá fún yín. Ẹni tí a mú lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ọmọ ìpínlẹ̀ Maryland tí a ń gbé yìí ni, aláwọ̀ dúdú bí tiwa, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní ojú ọ̀nà tí púpọ̀ nínú wa ń gbà lójoojúmọ́.

Ẹ wo Pennsylvania Avenue tó gba Forestville kọjá, ọ̀nà tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 4. Bí ẹ bá dorí ọkọ̀ kọ ìwọ̀-oòrùn, yóò gbé yín wọ Washington, níbi tí Yunifásítì Howard wà. Bí ẹ bá dorí rẹ̀ kọ ìlà-oòrùn, ẹ ó kọjá ní Upper Marlboro, ẹ ó sì bọ́ sí Calvert County ní etí omi Chesapeake. Ní apá Washington, Albert Cassell kọ́ àwọn ilé tí ojú kò lè fò dá. Ní apá Calvert, ó ra ilẹ̀ ńlá kan tó fẹ́ fi tẹ ìlú dó, ṣùgbọ́n ìlú náà kò dìde. Àárín méjèèjì ni àwa ń gbé. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí a mọ ẹni tó jẹ́.

Ọmọ alágbàfọ̀

Ọdún 1895 ni wọ́n bí Albert Irvin Cassell ní Towson, lẹ́bàá Baltimore. Nígbà náà, ọdún 31 péré ni ó ti kọjá tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní Maryland. Bàbá rẹ̀ ń kó èédú kiri fún tità, ó sì mọ fèrè fọn dáadáa. Ìyá rẹ̀ ń gba aṣọ fọ̀ kí owó ilé lè tó ná. Ilé tálákà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé ọ̀lẹ.

Nígbà tó dàgbà tó láti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n fi í sí èyí tó wà fún àwọn ọmọ dúdú ní Baltimore. Ilé ìwé náà ló wá ń jẹ́ orúkọ Frederick Douglass, akọni ọmọ Maryland tó sá kúrò lóko ẹrú tó sì di olóòtú ìwé ìròyìn. Ibẹ̀ ni ọmọ alágbàfọ̀ yìí ti pàdé olùkọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ralph Victor Cook. Cook kọ́ ọ ní yíya pùláànù ilé, bí a ṣe ń fi rúlà àti pẹ́ńsùlù sọ ohun tí ọwọ́ káfíńtà yóò ṣe kí ó tó ṣe é. Ohun tó tún ṣe pàtàkì ni pé Cook fúnra rẹ̀ ti kàwé ní Yunifásítì Cornell, ní ìpínlẹ̀ New York. Ó mọ ọ̀nà ibẹ̀, ó sì nà án sí ọmọ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà náà kò ní yà lẹ́nu pé ọmọ Maryland ní láti sọdá sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ilẹ̀kùn Yunifásítì Maryland wà ní títì sí àwọn ọmọ dúdú. Ọdún 1935 ni Charles Hamilton Houston àti Thurgood Marshall ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹjọ́ ṣí ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ amòfin wọn. Ní College Park tiwa níhìn-ín, ọdún 1951 ni wọ́n tó gba ọmọ dúdú àkọ́kọ́ tí kò tíì gboyè kankan. Ó wá jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ kàwé ní 1915 kò ní ju kí ó kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Cornell àti ogun

Albert wọ Cornell ní 1915, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń kàwé. Kò tíì parí nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní ní 1917. Ó wọṣẹ́ ológun, ó di ọ̀gágun kékeré nínú ẹgbẹ́ àwọn dúdú tó ń yin àgbá ńlá, wọ́n sì kó wọn lọ sí ilẹ̀ Faransé. Nígbà tó padà dé ní 1919, Cornell fún un ní oyè rẹ̀, bí wọ́n ti ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tí ogun mú kúrò nídìí ìwé.

Ibi tó kọ́kọ́ lọ lẹ́yìn èyí ni Tuskegee ní Alabama, ilé ẹ̀kọ́ tí Booker T. Washington dá sílẹ̀. Ibẹ̀ ni Robert Taylor, ọmọ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Boston, ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Tuskegee ló ń ṣe bíríkì fúnra wọn, àwọn ló ń tò ó, àwọn ló sì ń gbé inú ilé náà lẹ́yìn tó bá parí. Cassell àti William Hazel jọ ya àwòrán ilé iṣẹ́ ọwọ́ márùn-ún fún wọn. Hazel yìí ni olórí ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní yíya àwòrán ilé ní Howard nígbà náà. Òun ló mọ Cassell, òun ló sì fà á wá sí Washington.

Olùkọ́ ní Howard

Ní 1920 ni Cassell dé Howard gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Nígbà tó fi máa di 1922, òun ti ń darí ẹ̀ka náà, wọ́n sì ti fi iṣẹ́ yíya ilé Yunifásítì lé e lọ́wọ́. Kò tíì pé ọdún 30.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí, kí a ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ayàwòrán-ilé, tí a ń pè ní àkítẹ́ẹ̀tì, kò ju ẹni tó mọ ìlà fà lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920, ìtàn ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ ilé ìwé yóò jókòó ti pátákó ìyàwòrán, yóò máa ya òpó àwọn ará Gíríìkì, yóò ya ilé ńlá àwọn ará Róòmù, yóò ya ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ilẹ̀ Faransé àti ilé bíríkì àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì. Bó ṣe ń yà á, olùkọ́ yóò máa bi í ní ìbéèrè. Kí ló dé tí ẹnu ọ̀nà fi wà láàárín gẹ́rẹ́? Kí ló dé tí apá ọ̀tún àti apá òsì fi dọ́gba? Ta ni ilé yìí fẹ́ kí ẹ bẹ̀rù, ta ni ó ń pè pé kó wọlé? Ìyẹn ni èrò tó wà lẹ́yìn ilé kíkọ́. Àwa náà mọ̀ ọ́n ní ọ̀nà tiwa. Ẹni tó bá ti wọ ààfin rí mọ̀ pé ibi tí wọ́n fi àgbàlá sí, bí òpó ṣe ga tó àti ọ̀nà tí àlejò gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó rí ojú ọba, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Àmọ́ ìṣòro kan wà nínú ẹ̀kọ́ náà. Ìwé ìtàn ilé kíkọ́ tí gbogbo àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ jù nígbà náà ni ti Banister Fletcher, tó kọ́kọ́ jáde ní 1896. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 1901, òǹkọ̀wé náà pín ilé ayé sí ọ̀nà méjì. Ó fi Yúróòpù sí ibi tí ìtàn wà, ó kó Íńdíà, Ṣáínà àti Japan sí ibi tó ní kò sí ìtàn. Yàtọ̀ sí Íjíbítì, Áfíríkà àwa aláwọ̀ dúdú kò tilẹ̀ ní ojú ewé kan. Ẹ rò ó wò: ọmọ ẹrú àná jókòó ní kíláàsì, wọ́n ń kọ́ ọ ní ìtàn ilé, kò sì sí ilé baba rẹ̀ kankan nínú ìtàn náà.

Kí ni olùkọ́ yóò ṣe nínú irú ipò bẹ́ẹ̀? Ó lè pa ìwé náà tì, ṣùgbọ́n ìdánwò tí yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ di ayàwòrán-ilé inú ìwé náà ló ti ń wá. Ó sì tún lè kọ́ wọn ní ohun tó wà níbẹ̀ kí ó mọ́ wọn lórí ju ẹni tó ni ín lọ, kí wọ́n sì fi ṣe ohun tiwọn. Ọ̀nà kejì yìí ni ẹ ó rí nínú gbogbo ilé tí Cassell kọ́ sí Howard.

Kì í ṣe òun nìkan ló ṣe é. Ó kó àwọn ọ̀dọ́ tó múná jọ síbẹ̀. Howard Mackey, tó gboyè ní Yunifásítì Pennsylvania, dé ní 1924, ó sì kọ́ni níbẹ̀ títí ó fi di àgbàlagbà. Hilyard Robinson, tó wá ya Langston Terrace ní ẹ̀bá Benning Road, kọ́ni níbẹ̀ pẹ̀lú. James Herring wá láti kọ́ àwọn ayàwòrán-ilé ní iṣẹ́ ọnà, ibẹ̀ ló gbà dá ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà Howard sílẹ̀. Nínú ẹ̀ka ti Herring yìí ni James Porter, ọmọ Baltimore, ti wá di ẹni tó kọ ìwé ìtàn iṣẹ́ ọnà àwọn dúdú Amẹ́ríkà ní 1943. Ohun tí ìwé àwọn ẹlòmíràn fò, ilé ẹ̀kọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọgbà tó di ìwé

Howard ti wà láti 1867, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ kò pọ̀, púpọ̀ nínú wọn sì ti gbó. Ìjọba àpapọ̀ ló ń fún un lówó, bí ó bá wù wọ́n. Ní 1926, Mordecai Johnson di ààrẹ Yunifásítì náà, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn. Ní 1928, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tó fi ẹsẹ̀ owó ìjọba náà múlẹ̀. Owó wá ń wọlé, Cassell sì ti ní ètò lọ́wọ́. Ó ti ya àwòrán bí gbogbo ọgbà náà yóò ṣe rí ní ọjọ́ iwájú, ó mọ ilẹ̀ tó yẹ kí wọ́n rà, ó mọ ibi tí ilé kọ̀ọ̀kan yóò kọjú sí.

Fún ọdún 18 ni ó fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ó kọ́ ilé eré ìdárayá, ó kọ́ ilé fún ẹ̀kọ́ ìṣègùn àti ilé fún ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì. Ní 1931, ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin parí, wọ́n kọ́ ọ yí àgbàlá kan ká bí agbo ilé tiwa. Ní 1936, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi orúkọ Frederick Douglass pè dìde. Ọmọ tó kàwé ní Baltimore nínú ilé ìwé tó wá ń jẹ́ Douglass ló ya ilé tí àwọn ọmọ mìíràn yóò ti kàwé lábẹ́ orúkọ kan náà.

Àwọn ọmọ wa láti ilẹ̀ Nàìjíríà náà wà níbẹ̀. Nnamdi Azikiwe ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ní Howard ní ìparí àwọn ọdún 1920, nígbà tí iṣẹ́ ilé kíkọ́ yìí ń lọ lọ́wọ́.

Ilé kan tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ilé ìkàwé tí wọ́n ń pè ní Founders Library. Orí òkè ni ó wà, gogoro aago rẹ̀ sì ga débi pé ẹ lè rí i láti ọ̀nà jíjìn. Owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là ní ayé ìgbà náà. Bí ẹ bá dúró níwájú rẹ̀ tí ẹ sì ti rí Independence Hall ní Philadelphia rí, ẹ ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹ̀yà rẹ̀ ni. Bíríkì pupa, fèrèsé funfun, apá méjì tó dọ́gba, gogoro funfun ní àárín. Philadelphia ni àwọn baba ńlá Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí ìwé òmìnira wọn ní 1776, tí wọ́n kọ ọ́ pé gbogbo ènìyàn dọ́gba. Púpọ̀ nínú àwọn tó fọwọ́ sí i ló ní ẹrú nílé.

Àwọn kan lè sọ pé Cassell kàn ṣe àfarawé ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ní ìlú kan tí ọmọ dúdú kò ti lè jókòó jẹun ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ, ọmọ dúdú kan mú ilé tí orílẹ̀-èdè náà fi ń yangàn jù lọ, ó gbé e ka orí òkè, ó sọ ọ́ di ilé ìkàwé àwọn ọmọ dúdú. Kò kọ ọ̀rọ̀ kan sára ògiri láti fi ṣàlàyé. Ẹni tó mọ ìtàn ilé kíkọ́ yóò kà á láìsí àlàyé: ìlérí tí ẹ ṣe nínú ilé ọjọ́sí, àwa ti wá gbà á. Kò sí kíláàsì tí wọ́n ti lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn kó yéni tó bẹ́ẹ̀.

Bí ẹni pé ilé náà mọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ fún, ibẹ̀ ni Thurgood Marshall àti àwọn amòfin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe púpọ̀ nínú ìmúrasílẹ̀ fún ẹjọ́ Brown, tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dá ní 1954, tó fòpin sí òfin pé kí àwọn ọmọ dúdú àti funfun má jọ kàwé pọ̀. Ní 2001, ìjọba àpapọ̀ ka ilé ìkàwé náà, ilé Douglass àti ilé ìsìn Andrew Rankin tó wà lẹ́bàá wọn mọ́ àwọn ibi mánigbàgbé orílẹ̀-èdè yìí.

Ìjà dé

Bí a bá ń ròyìn ẹni rere, kò yẹ kí a fi èyí tó korò pamọ́. Àárín Cassell àti ààrẹ Johnson kò gún. Àwọn méjèèjì jẹ́ ọkùnrin líle, olúkúlùkù wọn sì gbà pé òun mọ ohun tó dára fún Howard. Ẹ tún rántí pé Cassell wà ní ipò tó pọ̀ jù fún ẹnì kan ṣoṣo: olùkọ́ ni, ayàwòrán-ilé ni, ó sì tún lọ́wọ́ nínú ètò ilẹ̀ àti ilé Yunifásítì. Àwọn tó ti ṣe olórí ẹgbẹ́ nínú wa mọ̀ pé bí agbára bá pọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó, ìjà kì í jìnnà. Ní 1938 ni wọ́n yọ ọ́ kúrò níṣẹ́.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1939 ni wọ́n ṣe ayẹyẹ ṣíṣí Founders Library. Ẹni tó fi ọpọlọ rẹ̀ bí ilé náà kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó dunni, kò sì sí bí a ṣe lè sọ ọ́ kó má dunni. Ṣùgbọ́n wọn kò lè yọ ilé kúrò bí wọ́n ti yọ ẹni tó kọ́ ọ. Àwọn olùkọ́ tó kó jọ náà kò fọ́nká. Mackey di ọgbà náà mú, nígbà tó sì di 1950, ẹ̀ka ayàwòrán-ilé Howard gba ìwé àṣẹ tó fi hàn pé ẹ̀kọ́ wọn péye. Nínú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn dúdú, òun ló kọ́kọ́ gbà á. Láti ìgbà náà, àìlóǹkà ayàwòrán-ilé ló ti jáde níbẹ̀, àwọn ọmọ Áfíríkà sì wà lára wọn.

Mayfair àti ilẹ̀ Calvert

Cassell kò jókòó sunkún. Ó ń ya ilé fún ìjọba, fún àwọn ẹgbẹ́ àti fún ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, Morgan ní Baltimore wà lára wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó súnmọ́ wa jù ni Mayfair Mansions. Bí ẹ bá ti Forestville gba Pennsylvania Avenue, tí ẹ yà sí ọ̀nà 295 kí ẹ tó sọdá odò Anacostia, ẹ ó bọ́ sí Kenilworth Avenue. Ibẹ̀ ni ó wà.

Pápá ìsáré ẹṣin Benning ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Cassell pẹ̀lú Elder Lightfoot Solomon Michaux, oníwàásù tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀ lórí rédíò, dáwọ́ lé kíkọ́ ilé tí àwọn dúdú tó ń ṣiṣẹ́ oṣù yóò lè háyà. Àárín 1942 sí 1946 ni wọ́n kọ́ ọ: ilé alájà mẹ́ta 17, tí ìdílé 594 lè gbé inú rẹ̀. Wọ́n fi koríko àti igi sí àárín ilé sí ilé, kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́, kí ìyá lè máa wo ọmọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ní àkókò yẹn, ilé tí wọ́n ń kọ́ fún àwọn dúdú ní Washington kò tó, èyí tó wà sì sábà máa ń wà nínú ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé tí omi ẹ̀rọ kò dé. Ẹ̀kọ́ kan náà tó wà ní Howard ló wà ní Mayfair: ẹni tó ń gba owó oṣù kékeré yẹ fún ilé tí wọ́n fara balẹ̀ rò kí wọ́n tó kọ́ ọ.

Apá kejì ọ̀nà wa wá kù. Ní àwọn ọdún 1930, Cassell ti ra ilẹ̀ ńlá ní Calvert County, ní etí omi Chesapeake, nǹkan bí máìlì 30 sí Forestville. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú dé ọ̀pọ̀ etíkun Maryland nígbà náà. Ọmọ Frederick Douglass ló tẹ Highland Beach dó nítòsí Annapolis ní 1893 nítorí irú ìyà bẹ́ẹ̀. Cassell fẹ́ ṣe tirẹ̀ kó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ: ilé gbígbé, ilé ìtura, ọjà, ibi tí ọkọ̀ ojú omi yóò máa gúnlẹ̀ sí. Ó sọ ọ́ ní Chesapeake Heights on the Bay. Wọ́n la ọ̀nà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Owó ńlá tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kò wọlé, ọdún sì ń gorí ọdún. Àwòrán ìlú náà pé lórí ìwé, kò pé lórí ilẹ̀.

Albert Cassell kú ní 1969, ní ẹni ọdún 74. Ọmọ rẹ̀ Charles di ayàwòrán-ilé pẹ̀lú, ó sì wà lára àwọn tó jà kí ìjọba má baà fi títì ńlá la àárín àdúgbò àwọn dúdú ní Washington kọjá. Bàbá kọ́ ilé, ọmọ kò jẹ́ kí wọ́n wó o.

Ohun tó kàn wá

Ẹ̀yin òbí, a mọ ohun tí a máa ń sọ fún àwọn ọmọ wa: dókítà, lọ́yà, ẹnjiníà. Bí ọmọ bá ní ìtàn ilé kíkọ́ ni òun fẹ́ kọ́ tàbí kí òun máa fi kọ́ni ní Yunifásítì, a ó bi í bóyá ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Ìgbésí ayé Cassell kò sọ pé iṣẹ́ náà rọrùn. Ó sọ pé ẹni tó mọ ìtàn ilé ló mọ bí a ṣe ń fi ilé gba ẹ̀tọ́ ẹni. Ralph Cook kan ṣoṣo tó ti dé Cornell rí ló ṣí ojú ọmọ alágbàfọ̀. Ó yẹ kí a ní Cook tiwa láàárín wa.

Èkejì ni pé ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn àgbà tó sọ ọ̀rọ̀ yìí kò sọ̀rọ̀ nípa bíríkì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mú un bí ó ti wà lẹ́nu náà. Ilé wo ni àwọn ọmọ wa fẹ́ wò? Ní Tinúbú Square ní Èkó, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Ilọ́jọ̀ Bar, tí àwọn tó ti ilẹ̀ Brazil dé ti kọ́ láti 1855. Ìjọba ti kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1956. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi dọ́là ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n wó ilé bàbá wa, kí wọ́n fi òkè kan àti ilẹ̀ kan rọ́pò rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ya fọ́tò òpó ilé náà sílẹ̀.

Ẹ rántí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ Èkìtì, agbẹ́gilére tó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ó kú ní 1938, ọdún kan náà tí wọ́n yọ Cassell níṣẹ́. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1988, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ń kì í. Oríkì yẹn wà lára ohun tí ayé fi mọ irú ẹni tó gbẹ́ àwọn òpó tó wà nínú mùsíọ́mù ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lónìí. Àwọn tó kọ́ ilé bàbá tiwa ńkọ́? A mọ ẹni tó ni ilé, a kò mọ bíríkìlà, a kò mọ káfíńtà, a kò mọ ẹni tó wọn ilẹ̀. Bí ẹ bá tẹ Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta láago lọ́jọ́ Sunday, ẹ bi àwọn àgbà tó kù léèrè, kí ẹ sì kọ orúkọ náà sílẹ̀. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú fọ́tò ilé náà, a ó fi àyè sílẹ̀ fún un nínú ìwé ìròyìn yìí.

Ní Sátidé kan tí ojú ọjọ́ bá dára, ẹ kó àwọn ọmọ sínú ọkọ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Howard, kí wọ́n wo gogoro aago náà. Ẹ gba Mayfair padà. Bí ilẹ̀ kò bá tíì ṣú, ẹ tẹ̀ síwájú ní ọ̀nà nọ́ńbà 4 dé etí omi ní Calvert, kí ẹ fi ibi tí ìlú kan ìbá wà hàn wọ́n. Bí wọ́n bá bi yín pé ta ló ṣe gbogbo èyí, ẹ ti mọ orúkọ tí ẹ ó dá wọn lóhùn.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa pẹ́ jù wá lọ. Ó dìgbà míràn o.